Kóòtù Ló Bí Ṣáḿbà: Ìtàn Ilé-Iṣẹ́ Agbẹjọ́rò ní Ìlọrin

Ní ọdún 1879 ni Christopher Sapara Williams di lọ́yà ní Inner Temple ní Lọ́ńdọ̀nù, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò bẹ́ẹ̀. Kó tó kú ní 1915, lọ́yà ti gbòde l'Ékòó, wọ́n ń rojọ́ ní kóòtù, wọ́n tún ń bá ìjọba gẹ̀ẹ́sì fa ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo Àríwá Nàìjíríà, tí Ìlọrin jẹ́ ara rẹ̀, kò ní lọ́yà kan tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ títí di 1955. Ọdún 76 ló wà láàárín méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ rélùwéè tó ń kó èrò bọ̀ láti Èkó ti dé Ìlọrin láti 1908. Ọkọ̀ ojú irin wọ ìlú kí lọ́yà tó wọ̀ ọ́.

Kì í ṣe pé ẹjọ́ wọ́n ní Ìlọrin. Ìlú tí Balógun mẹ́rin, Gàmbàrí, Fúlàní, Àjìkóbì àti Àlànàmú, pín ìtọ́jú ilẹ̀ àgbègbè rẹ̀ mọ́wọ́, tí mọ́gàjí àti dáúdù sì tún wà lábẹ́ wọn, báwo ni ẹjọ́ ilẹ̀ ṣe fẹ́ tán níbẹ̀? Kì í sì í ṣe pé kò sí ẹni tó mọ òfin. Àwọn àlùfáà Ìlọrin ti ń ka ìwé òfin Máálíkì tipẹ́, Alkálì sì ń fi dájọ́ kí òyìnbó tó fẹsẹ̀ tẹ ìlú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìjọba ló fi òfin ti ilẹ̀kùn mọ́ lọ́yà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn àwọn ṣáḿbà Ìlọrin, kó má bẹ̀rẹ̀ láti ara pátákó orúkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ìtàn kóòtù ni kó kọ́kọ́ kà. Kóòtù kọ̀ọ̀kan tó bá ṣí ní ìlú yìí ló ń bí ṣáḿbà tirẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1897 ni ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin. Nígbà tó di 1900, Lugard, aṣojú ìjọba gẹ̀ẹ́sì, gba àkóso, ó sì fi Ìlọrin sábẹ́ Àríwá. Lọ́dún 1914 tó so Gúúsù mọ́ Àríwá, ó ṣe òfin fún àwọn kóòtù ẹkùn, èyí tí Résídéńtì àti àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ń jókòó sí gẹ́gẹ́ bí adájọ́. Òfin náà sọ ọ́ gbangba pé lọ́yà kò gbọdọ̀ dúró níwájú kóòtù wọ̀nyí. Lójú Lugard, lọ́yà a máa dá ẹjọ́ sílẹ̀ níbi tí kò sí. Òyìnbó tó mú ẹ̀sùn wá, òyìnbó tó gbọ́ ẹ̀sùn àti òyìnbó tó dá sẹ̀ríà lè jẹ́ ẹnì kan náà, kò sì sí ẹni tí yóò bá ẹlẹ́jọ́ sọ̀rọ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ká lára nígbà náà, ọ̀dọ̀ akọ̀wé lẹ́tà ló ń lọ. Akọ̀wé yìí kò ka ìwé òfin kankan. Ó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ó ní tábìlì, ó sì ní gègé. Òun ni yóò kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Résídéńtì, tí yóò fi ọ̀rọ̀ ńláńlá kún un, tí yóò sì gba owó rẹ̀ kí yíǹkì tó gbẹ. Bí a bá fẹ́ sọ òdodo, àwọn wọ̀nyí ni agbẹjọ́rò tí mẹ̀kúnnù kọ́kọ́ ní, ó sì dùn mí pé ìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ wọn.

Ní 1933 wọ́n yí ètò náà padà. Wọ́n dá Kóòtù Gíga sílẹ̀ fún ilẹ̀ òkè, wọ́n sì gbà kí lọ́yà wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: wọ́n yọ ẹjọ́ ta-ló-ni-ilẹ̀ kúrò nínú ohun tí kóòtù náà lè gbọ́. Kóòtù ìbílẹ̀ ló kù fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, lọ́yà kò sì gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀. Ẹjọ́ tó pọ̀ jù, tó sì lówó nínú jù ní Ìlọrin ni wọ́n fi sí ibi tí ọwọ́ lọ́yà kò tó. Ta ni yóò wá gba ilé, tí yóò kan pátákó sí i, tí yóò sì máa retí oníbàárà tí òfin kò gbà kó bá lọ sí kóòtù? Lọ́yà tó bá ní iṣẹ́ ní Ìlọrin, á wọkọ̀ wá láti Èkó tàbí Ìbàdàn, á rojọ́ rẹ̀, á sì padà sílé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn tí Abdulganiyu Folorunsho Abdulrazaq fi dé. Ọmọ Ìlọrin ni, àmọ́ Onitsha ni wọ́n bí i sí ní 1927. Inner Temple náà ló ti di lọ́yà ní 1955, òun sì ni ọmọ Àríwá àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Èèyàn á rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò dá ṣáḿbà ńlá sílẹ̀ tí yóò bo gbogbo Àríwá mọ́lẹ̀. Ìjọba kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí lọ́yà jẹ́ ẹyọ kan, iṣẹ́ ìlú ni yóò gbà á mọ́ oníbàárà lọ́wọ́. Láti 1962 sí 1964, ó jẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Ivory Coast. Lẹ́yìn náà ó di mínísítà lábẹ́ ìjọba Balewa títí ológun fi gba ìjọba ní 1966. Ó padà sídìí iṣẹ́ òfin, ó gba oyè àgbà agbẹjọ́rò, SAN, Ìlọrin sì fi í jẹ Mutawali. Ní oṣù keje ọdún 2020 ló jáde láyé lẹ́ni ọdún 92. Ó ṣí ọ̀nà, kò sí ẹni tó lè jà á níyàn. Àwọn tó wá kọ́ ilé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà ni ẹlòmíràn.

Nígbà tí Abdulrazaq ṣì jẹ́ lọ́yà tuntun ni ẹjọ́ kan jáde láti ẹkùn Ìlọrin tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan ní Nàìjíríà tí kì í kà á. Josiah Sunday Olawoyin ará Ọ̀fà, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Action Group ní Àríwá, pe ìjọba Àríwá lẹ́jọ́. Ohun tó bí i nínú ni òfin kan ti ọdún 1958 tó kà á léèwọ̀ kí ọmọdé lọ́wọ́ nínú ìṣèlú. Ẹni tó ń jí sínú ìṣèlú, tó ń sùn sínú ìṣèlú, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ohun tó ń ṣe! Ní 1961, Kóòtù Tó Ga Jù Lọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Olawoyin kò tíì fi hàn pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan ẹ̀tọ́ òun fúnra rẹ̀, nítorí náà kò ní ẹsẹ̀ tó lè fi dúró níwájú àwọn. Ó pàdánù. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi orúkọ rẹ̀ lé àwọn ẹlòmíràn kúrò ní kóòtù.

Ọdún 1960 ni òfin ìwà ọ̀daràn tuntun ti Àríwá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ kan tí adájọ́ àgbà ilẹ̀ Sudan, Muhammad Abu Rannat, ṣe alága fún ti jókòó lé e lórí. Ṣùgbọ́n Kàdúná, olú-ìlú Àríwá, ni orí òfin wà. Ohun tó gbé iṣẹ́ lọ́yà wá sílé gan-an ni 27 oṣù karùn-ún 1967, tí Gowon, olórí ìjọba ológun, pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Ìpínlẹ̀ Kwara, tí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́ West Central, fi Ìlọrin ṣe olú-ìlú. Bí ìpínlẹ̀ bá ti dé, kóòtù dé pẹ̀lú rẹ̀: Kóòtù Gíga, àwọn májísíréètì, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfin. Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ti Ṣàríà náà dé, èyí tí Abdulkadir Orire jókòó lé lórí gẹ́gẹ́ bí Gíráǹdì Kádì fún ọdún pípẹ́. Oníbàárà sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn, nítorí Kwara ìgbà náà gùn láti Borgu dé ilẹ̀ Igala. Ará Lọ́kọ́jà tàbí Kàbà tó fẹ́ pẹjọ́ ńlá, Ìlọrin ló ń forí lé. Àǹfààní yìí kò pẹ́ kó tó máa dínkù: Igala lọ ní 1976, Kàbà, Okene àti Lọ́kọ́jà bọ́ sí Kogi ní 1991, Borgu sì lọ sí ìpínlẹ̀ Niger lọ́dún náà. Mélòó kan nínú àwọn ṣáḿbà Ìlọrin ló fi bẹ́ẹ̀ pàdánù ìdajì àgbègbè tí wọ́n ti ń jẹun.

Ilẹ̀kùn kóòtù ìbílẹ̀ nìkan ló ṣì wà ní títì. Nígbà tí ológun yí kóòtù ìbílẹ̀ Àríwá padà sí kóòtù àgbègbè ní 1967, wọ́n gbé èèwọ̀ àtijọ́ náà wọnú òfin tuntun: lọ́yà kò gbọdọ̀ wọlé. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1979 ló kọ́kọ́ mi ilẹ̀kùn náà, torí ó ní ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ láti mú agbẹjọ́rò tó wù ú. Ní 1982, nínú ẹjọ́ Uzodinma, Kóòtù Gíga sọ pé èèwọ̀ náà ta ko ìwé òfin, kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti jókòó sí kóòtù àgbègbè ti Centre Igboro rí, ẹ mọ̀ pé ayé ọ̀tọ̀ ni. Wíìgì àti aṣọ dúdú gbọọrọ kò sí níbẹ̀. Kóòtù ńlá ni wọ́n ti ń wọ̀ wọ́n. Yorùbá Ìlọrin ni ìyàwó tó fẹ́ kọ ọkọ fi ń sọ tẹnu rẹ̀, ọkọ náà á fi Yorùbá dá a lóhùn, àwọn àgbà ìdílé á jókòó sẹ́yìn tí wọ́n ń mi orí. Òfin ẹ̀rí tí lọ́yà kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ de kóòtù náà. Bí ó bá jẹ́ ogún mùsùlùmí ni wọ́n ń pín, lọ́yà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìyàwó gba ìdá kan nínú mẹ́jọ bí olóògbé bá bímọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin bí kò bá bímọ, kó sì mọ ìgbà tí ìbúra ń ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí kò ṣiṣẹ́. Mo ti rí ọ̀dọ́ lọ́yà tó ń da gẹ̀ẹ́sì bolẹ̀ níwájú irú adájọ́ bẹ́ẹ̀. Adájọ́ dúró títí ó fi parí, ó wá ní, "Lọ́yà, kí lẹ sọ?"

Nínú ṣáḿbà fúnra rẹ̀, ètò iṣẹ́ kò yàtọ̀ sí ti ìdílé oníṣẹ́-ọwọ́. Ọ̀gá ló ni orúkọ, ọ̀gá ló ni oníbàárà. Júníọ̀ á gbé báàgì ọ̀gá, á lọ dárúkọ ara rẹ̀ ní kóòtù, á bẹ adájọ́ pé kó sún ẹjọ́ síwájú nítorí ọ̀gá wà ní Kàdúná. Àwọn ṣáḿbà àtijọ́ tó wà lórí òkè ilé ìtajà ní Òpópónà Ìbrahim Taiwo àti ní Ùnítì, àtẹ̀gùn ni ẹ ó gùn dé ibẹ̀. Akọ̀wé àgbà ni ẹ ó kọ́kọ́ bá, ẹni tó mọ nọ́ńbà gbogbo ẹjọ́ lórí, tó mọ béélíìfù tí kì í fi sámánsì falẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni pákó tó kún fún fáìlì tí wọ́n fi okùn pupa so, àti ìwé ìròyìn ẹjọ́ tó tò lọ bẹẹrẹ. Láti 1985 tí agbẹjọ́rò Gani Fawehinmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Nigerian Weekly Law Reports jáde, ọ̀gá tó bá ní gbogbo rẹ̀ pé lórí pákó, èèyàn ńlá ni, torí ọ̀pọ̀ ṣáḿbà kékeré ló ń wá yá a kà. Owó tí júníọ̀ ń gbà kò tó nǹkan nígbà náà, kò sì tó nǹkan báyìí. Ohun tó ń dá wọn dúró ni ìmọ̀, àti ìrètí pé ọjọ́ kan, àwọn náà á kan pátákó tiwọn.

Ọ̀pọ̀ ló kàn án. P.A.O. Olorunnisola wà lára àwọn tó pẹ́ nídìí iṣẹ́ ní Ìlọrin tó fi di SAN. Wole Olanipekun, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tó di lọ́yà ní 1976, kò lọ jókòó sí Adó tàbí Àkúrẹ́. Ìlọrin ló ti bẹ̀rẹ̀ Wole Olanipekun & Co. ní nǹkan bí 1980. Ìrònú rẹ̀ kò ṣòro láti tẹ̀lé: ìpínlẹ̀ tó gbòòrò, kóòtù tó pọ̀, lọ́yà tí kò tíì pọ̀. Ó gba SAN ní 1991, ó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò Nàìjíríà, NBA, láti 2002 sí 2004, ó sì ṣáájú àwọn lọ́yà Bọ́lá Tinubu nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ ìbò ààrẹ ní 2023. Ṣùgbọ́n nígbà náà, Èkó àti Àbújá ti di ojúkò ilé-iṣẹ́ náà. Ìlọrin tọ́ ọ dàgbà, kò lè bọ́ ọ yó.

Ẹni tó fi Ìlọrin ṣe ibùjókòó, tó sì fi ẹ̀ka ránṣẹ́ sí Èkó àti Àbújá láti ibẹ̀ ni Yusuf Olaolu Ali. Ifẹ̀ ló ti gboyè òfin ní 1982, ó di lọ́yà ní 1983, ó sì gba SAN ní 1997, ọdún 14 péré lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀. Ghalib Chambers ni orúkọ tó fún ṣáḿbà rẹ̀. Lójú tèmi, òun ló fi hàn pé lọ́yà lè jókòó sí Ìlọrin kí ẹjọ́ ńlá láti òkèèrè wá bá a níbẹ̀. Àwọn bíi Adebayo Adelodun, Kehinde Eleja àti Rafiu Lawal-Rabana náà di SAN, iye wọn sì ń pọ̀ sí i.

Ohun tó tún ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ṣí ẹ̀ka sí Ìlọrin. Kí ó tó ṣí, Kàdúná ni ẹjọ́ Kwara ń lọ, oníbàárà tí kò lówó ọkọ̀ sì lè jẹ́ kí ẹjọ́ kú sí ọ̀nà. Lẹ́yìn tó ṣí, ọ̀nà yí padà: àwọn ará Èkìtì náà ń gbé ẹjọ́ tiwọn wá nígbà náà. Ní 15 oṣù kẹwàá 2010, Ìlọrin ni gbogbo Èkìtì kọjú sí. Ayo Salami, ọmọ Gànmọ̀ tó wà nítòsí Ìlọrin, tó jẹ́ ààrẹ Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn nígbà náà, ló ṣáájú àwọn adájọ́ tó sọ pé Kayode Fayemi ló wọlé ìbò gómìnà, tí Segun Oni tó wà nípò sì kó ẹrù rẹ̀ jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àbọ̀.

Ìlú kan náà ló bí ẹjọ́ méjì mìíràn tí ìwé òfin kò ní gbàgbé. Ní 2001, Yunifásítì Ìlọrin lé olùkọ́ 49 kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kóòtù Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìlọrin dá wọn láre, Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn yí i padà, Kóòtù Tó Ga Jù Lọ wá dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 2009. Ọdún mẹ́jọ gbáko! Ọmọ ẹlòmíràn nínú wọn ti wọ yunifásítì kí bàbá rẹ̀ tó padà sínú kíláàsì. Ẹjọ́ kejì ni ti Raliat Elelu-Habeeb, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe adájọ́ àgbà Kwara. Gómìnà àti àwọn aṣòfin fẹ́ yọ ọ́ nípò ní 2009. Ní 2012, Kóòtù Tó Ga Jù Lọ sọ pé gómìnà àti ilé aṣòfin kò lè dá yọ adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ kankan láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́, NJC, lọ́wọ́ sí i. Gbogbo adájọ́ àgbà Nàìjíríà ló ń sùn lábẹ́ ààbò ẹjọ́ yẹn lónìí.

Yunifásítì Ìlọrin kan náà tó lé olùkọ́ ni ó ń rọ̀jò lọ́yà sí ìgboro. Láti àwọn ọdún 1980 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní òfin, ó sì ní ẹ̀kọ́ tí ó pa òfin gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ òfin Ìsìláámù. Al-Hikmah náà ń kọ́ni ní òfin nísinsìnyí. Ìlú tí kò ní lọ́yà kan ní 1954 ti wá ní tó pọ̀ débi pé àwọn kan ń dúró sí ẹnu ọ̀nà kóòtù májísíréètì láàárọ̀, wọ́n ń wo ẹni tí ọlọ́pàá ń mú bọ̀ tí kò ní lọ́yà, wọ́n á gba béèlì rẹ̀ fún owó tó bá rí. Àwọn àgbà iṣẹ́ ń bínú sí èyí. Èmi kò bínú. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ká wọn lára ni ti orúkọ. Ní 2007, nínú ẹjọ́ Okafor àti Nweke, Kóòtù Tó Ga Jù Lọ sọ pé ìwé ẹjọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí ní orúkọ ṣáḿbà, kì í ṣe orúkọ èèyàn, òfo ni. Ìdí ni pé orúkọ èèyàn nìkan ló wà nínú ìwé àwọn lọ́yà; "& Co." kò sí níbẹ̀. Àìmọye ẹjọ́ tó ti lo ọdún gbọọrọ ló ṣubú nítorí ìbuwọ́lù kan ṣoṣo, ṣáḿbà Ìlọrin náà fara gbá. Ìjàǹbá gan-an jinlẹ̀ ju ìbuwọ́lù lọ. Lójú òfin, ọ̀gá ni ṣáḿbà. Bí ọ̀gá bá kú tàbí tó di adájọ́, fáìlì tó wà lórí pákó kò ní olówó mọ́, oníbàárà á wá kó tirẹ̀, júníọ̀ kọ̀ọ̀kan á sì ṣí ìdí tirẹ̀. Olanipekun rí ọmọ méjì, Oladapo àti Olabode, tí àwọn náà gba SAN. Ọmọ Abdulrazaq obìnrin, Khairat, kọ́ òfin, àmọ́ ilé aṣòfin àgbà l'Ábújá ló gbé e lọ ní 1999. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kò ní ọmọ tó fẹ́ rí wíìgì sójú.

Nísinsìnyí, àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi orúkọ méjì tàbí mẹ́ta sára pátákó kan. Mo ti wọ mélòó kan nínú irú ṣáḿbà bẹ́ẹ̀. Owó ilé, owó jẹnẹrétọ̀ àti owó oṣù akọ̀wé ni wọ́n jọ ń san. Fáìlì oníkálukú wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.